Bí Mo Ṣe Fá Ọgbà Àna Mi ní Japan, Tí Mo Wá Ń Gbin Òkúta l'Ọ̀wọ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé, "Mátírọ́ọ̀nù, báwo ni Japan?" Kí n tó la ẹnu, ẹ ti bi mí ní ìkejì: "Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?" Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì ni mo kọ síbí, kí n lè máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí pé ẹnìkan ń fà mí lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń retí aṣọ àti fóònù, kó má wulẹ̀ kà á. Ìtìjú ni mo gbé bọ̀, òun náà kò sì ṣe é pín.

Ẹ mọ̀ mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù láyé ìgbà náà, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké á máa fi aṣọ ara wọn nu fèrèsé. Ẹ tún mọ Mídé, àbígbẹ̀yìn mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jápa, òun náà jápa, ṣùgbọ́n dípò kó forí lé Kánádà bí ọmọ èèyàn, Japan ló lọ. Àwọn ará àdúgbò wa ní ó kúkú bá orúkọ mu. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, ó fẹ́ ọmọ wọn kan tó ń jẹ́ Yukari, ilé ìyá Yukari ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí Yukari bímọ obìnrin, mo di ẹrù mi. Ta ni ì bá wẹ ọmọ?

Ìdíje ìkúnlẹ̀

Ilé alájà ogún ni mo ń retí, torí èyí tí a ń rí lórí fóònù nìyẹn. Ibi tí ọkọ̀ gbé wa dé jẹ́ ìlú kékeré láàárín òkè, ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí koríko ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, àwọn arúgbó sì ń ro oko nínú oòrùn. Bí kì í bá ṣe ti títì tí kò ní kòtò, ǹ bá ní Ìdóàní ni wọ́n gbé mi lọ.

Àna mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tín-ín-rín ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, opó bíi tèmi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa ìyá ọkọ ló yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ìyá ìyàwó, torí àwa la gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Mo bá kúnlẹ̀. Ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹ̀ ba. Mo rò pé n kò kúnlẹ̀ tó ni, mo fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀. Òun náà lọ sílẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, àwa arúgbó méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bàtà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," Mídé ní. "Bí ẹ ò bá dìde, àwọn ò ní dìde, òjò sì ń bọ̀."

"Sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ dìde."

"Ohun tí àwọn náà wí nìyẹn."

Ní ilé wọn, bàtà ìta ọ̀tọ̀, bàtà inú ilé ọ̀tọ̀, bàtà ilé ìyàgbẹ́ ọ̀tọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wọ bàtà ilé ìyàgbẹ́ káàkiri pálọ̀, mo tilẹ̀ wọ̀ ọ́ dé ìdí oúnjẹ. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Àna mi kàn ń gbé bàtà mìíràn síwájú mi, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á lọ. Mo rò pé ó ń ta mí lọ́rẹ ni. Mo ń dúpẹ́.

Ìlú tí kò mọ "rárá"

Ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́, kò sì sí ọbẹ̀ ata tí yóò là wọ́n níjà. Ẹja wọn kò rí iná rí. Wọ́n gé e pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó sínú àwo bí ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ ẹ̀gbà ọrùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo gbé ata gígún àti gààrí dání. Lọ́jọ́ kan mo fún àna mi ní ata díẹ̀ lórí ẹja rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Mídé ní, "Ó ní adùn rẹ̀ jinlẹ̀." Ọjọ́ kejì mo tún bù ú sí i fún un, ìlọ́po méjì. Èèyàn dáadáa ni mí.

Ẹ gbọ́ ti ọmọ wíwẹ̀. Mo na apá ọmọ, mo na ẹsẹ̀, mo gbé e sókè, mo jù ú, mo hán an, bí a ti ṣe wẹ gbogbo yín tí ẹ fi dúró ṣánṣán lónìí. Àna mi di òpó ilẹ̀kùn mú, ó dijú. Lẹ́yìn náà ó tẹríba, ó sọ ohun kan.

"Ó ní ọwọ́ yín le gan-an," Mídé túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ẹ ti ṣe làálàá púpọ̀."

Ẹni tí wọ́n bá yìn á ṣe sí i. Lọ́jọ́ kejì mo ju ọmọ náà sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó yé mi pé ní ìlú yẹn, wọn kì í sọ pé rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀, wọ́n á fa èémí láàárín eyín bí ẹni tí ata ta, wọ́n á ní, "Ó ṣòro díẹ̀." Ìwọ á máa rò ó pé wọ́n ń wá ọ̀nà bá ọ ṣe é. Ó ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ.

Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ kéékèèké á máa wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin kan dìde fún mi kí n jókòó, ṣùgbọ́n ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo títí a fi dé, èèyàn mẹ́fà sì wà lórí ìdúró. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ẹ̀rù. Níbí ńkọ́? Kó o tó jókòó tán, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ á ti fi ìdí tì ọ́, á bi ọ́ ní ọmọ ta ni ọ́, ọkọ̀ kò sì ní tíì dé Uso tí o ó fi mọ gbogbo àìsàn tó ń ṣe ọkọ rẹ̀. Mo sábà máa ń bú irú wọn. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, àárò wọn sọ mí.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó

Ẹ̀yìn ilé àna mi ni ọgbà wà. Ọgbà ni Mídé pè é. Èmi wò ó títí, n kò rí òdòdó, n kò rí ewúro, n kò rí ata kan ṣoṣo. Òkúta ni mo rí, àti igi kan tó tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, àti ọpọ́n òkúta tí omi ń kán sí. Gbogbo ilẹ̀ àti ara òkúta ni nǹkan tútù, aláwọ̀ ewé, tó rí múlọ́múlọ́ yẹn bò. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń hù sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa nígbà òjò, tí àgbàlagbà á tẹ̀, tí á yọ̀, tí ìbàdí á kán. Mélòó nínú àwọn ìyá àgbà ìlú yìí ni n kò bá di ìbàdí nítorí rẹ̀? Kòkè ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Láràárọ̀, àna mi á lóṣòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú kékeré kan, irú èyí tí a fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, á máa tu nǹkan níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, obìnrin yìí fẹ́ fi ẹ̀mú fá gbogbo ẹ̀yìnkùlé! Kò sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, ojú sì ń ti àwọn wọ̀nyí láti béèrè ìrànlọ́wọ́. Mo ti mọ ìwà wọn wàyí, bí mo ti rò.

Ọjọ́ tí gbogbo wọn gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ nílé. Mo wá ṣọ́bìrì pẹlẹbẹ, mo wá búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo ká aṣọ mi sókè. Bí wọ́n ti ń fá orí ọmọ tuntun ni mo ṣe fá ọgbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi, mo fá a dé ẹnu ọ̀nà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi funfun bí eyín. Orin ìyìn ni mo ń kọ. Mo kó èyí tí mo fá sínú àpò méje, mo gbé wọn sí iwájú ilé níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, mo wẹ̀, mo jókòó láti gba ọpẹ́.

Wọ́n dé. Yukari ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àna mi dúró lẹ́bàá ọpọ́n omi. Ó wò yíká. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó tẹríba, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Kí ló wí?" mo bi Mídé.

"Ó ní á ti rẹ̀ yín. Ó ní ẹ wá mu tíì."

"Ẹ wò ó! Mo mọ̀ pé inú wọn á dùn."

"Mọ́mì." Ohùn ọmọ mi kò rí bí tẹ́lẹ̀. "Bàbá Yukari ló gbin nǹkan tí ẹ fá yẹn. Ogójì ọdún ló fi tọ́jú ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú gan-an, ó bomi rin ín."

"Ó gbin ín? Ta ní í gbin..."

Mo wo àwọn òkúta funfun wọ̀nyẹn. Wọ́n rí bí orí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ìyà tí kò ní ariwo

Bí o bá ṣe irú èyí fún àna rẹ l'Ọ̀wọ̀, o mọ ohun tó kàn. Ariwo á ta. Wọ́n á bú ọ, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá rẹ nínú sàréè. Ẹbí á péjọ, ìwọ á kúnlẹ̀, àwọn àgbà á bẹ̀bẹ̀ títí ohùn wọn á fi há, ó sì tán. Èmi ń retí èébú. Mo tilẹ̀ ti ro ohun tí n ó fi dáhùn.

Kò sí ẹni tó bú mi. Obìnrin náà gbé ẹja tó dára jù sínú àwo mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń da tíì fún mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan rárá. Bí mo bá sì fẹ́ gbé ọmọ, Yukari á rántí pé ọmọ náà fẹ́ sùn. Mo ti gbé òkú, mo ti gba ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó wúwo bí ìwà pẹ̀lẹ́ inú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, Mídé wá bá mi nínú yàrá, ó ń wo ilẹ̀.

"Mọ́mì, Yukari ń rò ó pé bóyá... pé ilé ti ń wù yín lọ."

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè lọ ṣáájú ọjọ́ tí a jọ fi sí..."

Ọmọ tí mo bí! Òun náà ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. Mo ní mo ti gbọ́. Mo jókòó sórí ẹní, mo ronú nípa ọmọ-ọmọ mi, tí yóò dàgbà tí wọn á fi àwòrán mi hàn án, tí wọn á ní, "Ìyá àgbà rẹ láti Áfíríkà nìyí," tí wọn kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọn kì í sọ ohun tó burú.

Ọlọ́run ló ní kí ọ̀rọ̀ náà má parí síbẹ̀, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ló sì rán. Nígbà tí ọkọ̀ wọn wá láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n fi àpò méje mi sílẹ̀, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ wọn. Mídé kà á: àpò náà kọ́ ló yẹ kí n lò, koríko àti iyẹ̀pẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà pọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúpẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gba ẹ̀bẹ̀.

Mo wọ́ àwọn àpò náà padà sẹ́yìn ilé. Mo tú wọn. Àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣì tutù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n padà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lẹ àwo tó fọ́. Mo rí àna mi ní fèrèsé. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo lẹ ọ̀kan, mo lẹ èkejì. Ìkẹta, ìdí rẹ̀ ni mo gbé sókè.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Obìnrin náà jáde láìwọ bàtà, òun tó ní bàtà fún yàrá kọ̀ọ̀kan! Ó ń pariwo, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbá mi lẹ́yìn ọwọ́ pàá, ó já nǹkan náà gbà, ó dojú rẹ̀ dé bó ti yẹ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mídé sáré jáde.

"Mọ́mì, ó ní... ohun tó ń sọ ni pé..."

"Má túmọ̀ ẹ̀," mo ní. "Mo ti gbọ́."

Ẹkún ni mo ń sun, inú mi sì dùn dé ibi tí n kò lè sọ. Wọ́n ti bú mi. Mo ti di ará ilé.

Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò, kò sí ẹni tó tún sọ pé ilé ń wù mí lọ, àwa méjèèjì la jọ ń wà nínú ẹrẹ̀ láràárọ̀. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀, ìbáwí rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Ó fi hàn mí pé a gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ kí ó le kí a tó lẹ̀ ẹ́, pé àtẹ́lẹwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pé omi tó bá balẹ̀ gbì á ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀mú yẹn ńkọ́? Koríko tó ń hù láàárín kòkè ló fi ń tu. Ó tún fi hàn mí bí òkúta ti í jókòó: apá tó pọ̀ jù á wà nínú ilẹ̀, bí eyín ti wà nínú erìgì, kí ó má dà bí ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé.

Bí ìlàjì ohun tí a lẹ̀ ló kú. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ó bá Mídé sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ní bí ẹ bá délé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín," Mídé ní. "Ó ní ẹni tí kò ní ọgbà kò lè mọ ohun tó bàjẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí i kí òjò yín tó dáwọ́ dúró."

Yukari gbé ọmọ fún mi. Ó jẹ́ kí n gbé e dé ìdí ọkọ̀.

Òkúta Imeri

Ẹ̀yìnkùlé mi, sìmẹ́ǹtì ni láti ògiri dé ògiri. Èmi ni mo ní kí wọ́n dà á bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́tótó. Mo ní kí wọ́n fọ́ ọ lábẹ́ igi máńgòrò. Ariwo náà kò tíì tó wákàtí kan tí orí Ìyá Fẹ́mi fi yọ lókè ògiri. Aládùúgbò mi ni, ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, bí ẹ bá sì jókòó tì í, ẹ ó rò pé iléèwé náà kò tíì jáde. Ìńtálọ́ọ̀kì pupa àti aláwọ̀ eérú ló tẹ́ gbogbo àgbàlá rẹ̀, ó sì gbé kìnnìún onísìmẹ́ǹtì méjì sí ẹnu géètì, tí ojú wọn rí bí ti ẹni tí inú ń run.

"Mátírọ́ọ̀nù, ṣé sókàwéè ló bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Ìyá Fẹ́mi. Òkúta ni mo fẹ́ gbìn."

"Ẹ lọ sùn," ó ní. "Wọ́n ní ọkọ̀ òfúrufú máa ń da orí rú."

Mo háyà píkọ́ọ̀pù, a gba ọ̀nà Imeri. Dírẹ́bà náà, ọmọ Uso, ní òun ti gbé iṣu, òun ti gbé ìyàwó, òun ti gbé òkú, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbé òkúta láti oko wá sílé rí. Mo ní kó máa wo títì.

Bàbá àgbẹ̀ kan ló mú wa dé oko rẹ̀. Ó fi èdè Imeri kí mi, mo fi ti Ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, a gbọ́ ara wa yé dé ibi tí mo ti sọ ohun tí mo bá wá.

"Òkúta?" ó ní. "Òkúta tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó kó kúrò nínú ebè mi?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ṣé kò sí òkúta l'Ọ̀wọ̀ ni?"

"Ó wà tẹ́lẹ̀. A ti fọ́ ọ kọ́lé tán."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí n máa kó wọn lọ, gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ gbogbo wọn. Mo ń yí òkúta kọ̀ọ̀kan po, mo lóṣòó, mo wo ìdí, mo wo ọrùn, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́. Bàbá bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Àbí wọ́n ń fẹ́ fi ọ̀kan ṣe ọkọ ni?"

Mẹ́ta ni mo mú. Ní Emure-Ile, ẹ̀yìn ilé bàbá mi, mo fá kòkè lára ògiri àtijọ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àbúrò mi tó ń gbé níbẹ̀ ní kí n kúkú bá òun fá gbogbo ilé.

Òkúta kan

Ẹ mọ ohun tí ìlú sọ, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ẹ ní Mátírọ́ọ̀nù ti gbé òrìṣà bọ̀ láti Japan. Òkúta tó ti Imeri wá, tí ẹ̀gbọ́n yín lè máa jókòó lé lórí lóko! Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwọn ìyá ìjọ mẹ́rin wọlé tọ̀ mí wá, Ìyá Fẹ́mi ló ṣáájú pẹ̀lú ìgò òróró.

"A wá gbàdúrà," ó ní.

"Lórí kí ni?"

"Lórí... ipò tí nǹkan wà."

Bó ti ń wo àwọn òkúta ni fóònù mi dún. Mídé ni. Àkókò tí a fi sí nìyẹn, àna mi sì ti jókòó síwájú fóònù lọ́hùn-ún, ó múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kí i, mo yí fóònù sí ọgbà: òkúta mẹ́ta lórí ìlà gbọọrọ, kòkè Emure-Ile yí wọn ká, tí mo ti ń bomi rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wò ó pẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ó ní ó lẹ́wà púpọ̀," Mídé ní.

"Mídé, irọ́ ni. Sọ fún un pé bó bá jẹ́ ẹni ilé ni mí, kó bú mi."

Mídé mí kanlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ nìkan la ń rí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ariwo rẹ̀ kún àgbàlá. Ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń gbá tábìlì.

"Ó ní wọ́n tò bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀," Mídé ń sáré túmọ̀. "Ó ní kí ẹ yọ èyí tó wà lápá ọ̀tún. Kí ẹ yọ ti àárín náà. Ó ní èyí tó kù, ẹ kàn gbé e lélẹ̀ ni, ẹ ò gbìn ín."

Mo mú ọ̀pá irin, mo kì í bọ abẹ́ òkúta, kò mì. Àwọn ìyá ìjọ ń wò. Ohùn àna mi tún lé sókè. Ìyá Fẹ́mi kò lè gbà á mọ́. Ogún ọdún ó lé ló fi pàṣẹ fún àwọn olùkọ́, ara rẹ̀ kò gbà á kí wọ́n máa pàṣẹ kí ẹnìkan máa fi falẹ̀. Ó gbé ìgò òróró sílẹ̀, ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí.

"Ó ní kẹ́ ẹ tì í sí apá òsì!" ó jágbe mọ́ mi. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Ìyá Fẹ́mi, ṣé ẹ gbọ́ èdè Japan ni?"

"Ẹ tì í!"

A tì í. A yí méjì kúrò, a gbẹ́ kòtò fún ẹ̀kẹta. Ẹrẹ̀ dé orúnkún gbogbo wa. Obìnrin náà ń bú wa láti òkè òkun, Ìyá Fẹ́mi ń dá a lóhùn ní èdè Ọ̀wọ̀, kò sì sí ẹni tó nílò Mídé mọ́. Òkúta náà wọlẹ̀ títí ohun tó yọ lókè kò fi ga ju ọpọ́n ayò lọ. Àna mi ń wò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì sọ ohun kan.

"Mídé, kí ló wí?"

"Ó ní ẹ má tíì pè é ní ọgbà. Ó ní òkúta kan ṣoṣo lẹ gbìn. Ó ní òkúta kan ṣoṣo ni bàbá Yukari náà ní lọ́dún àkọ́kọ́."

Àwọn ìyá ìjọ wẹ ẹsẹ̀, wọ́n lọ. Wọn kò rántí gbàdúrà. Ìyá Fẹ́mi kò lọ. Ó jókòó ti mi lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ máńgòrò, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi dé orí òrùlé, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó pẹ́, ó gbé ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mátírọ́ọ̀nù, ó ṣì tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún."

Mo wò ó. Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó na ọ̀pá irin sí mi.